Dígí Fèrèsé Kàtídírà Kò Ṣàn Rí

"Àbúrò, ṣé o mọ̀ pé omi ni dígí?"

Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń gbé ní Leeds ló bi mí bẹ́ẹ̀ nínú York Minster, kàtídírà ńlá ìlú York, níbi tí àwa méjèèjì gbé orí sókè títí ọrùn fi ń dùn wá. Wọ́n ní dígí kì í dì tán, díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣàn wálẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìsàlẹ̀ dígí àwọn kàtídírà àtijọ́ fi nípọn ju òkè lọ. Tíṣà físíìsì wọn ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀ nílé ìwé girama. Mi ò fẹ́ bá àgbà jiyàn nínú ilé Olúwa, mo dákẹ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Fèrèsé ńlá ìhà ìlà-oòrùn là ń wò. John Thornton, ará Coventry, gba iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún 1405, ó parí rẹ̀ lọ́dún 1408. £56 lowó iṣẹ́. Abala dígí aláràbarà tó lé ní 300 ló wà níbẹ̀: Ọlọ́run lókè téńté, ìtàn ìṣẹ̀dá tẹ̀ lé e, Ìwé Ìfihàn sì gba èyí tó pọ̀ jù, pẹ̀lú ẹranko olórí méje tí mo ti ń bẹ̀rù láti kékeré. Nínú ilé bíi Minster yìí, tí wọ́n kọ́ lọ́nà ìkọ́lé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Gothic, òpó òkúta àti ìtìlẹ́yìn ìta ló ru èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù òrùlé. Ohun tí wọ́n fi ráyè la ògiri gbàràmù fún dígí nìyẹn.

Òótọ́ ni pé dígí àtijọ́ kì í dọ́gba. Ẹni tó ń ṣe é á ki ọ̀pá oníhò bọ inú dígí tó ti yọ́, á fọn ọ́n títí á fi wú bíi bàlúùnù, á máa fì í síwá-sẹ́yìn kó lè gùn bí ìgò. Á gé orí àti ìdí rẹ̀, á la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á wá tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ nínú ooru ààrò. Ẹni tó bá ti fi ìgò na ìyẹ̀fun chin-chin rí mọ̀ pé ibì kan á nípọn, ibì kan á fẹ́lẹ́. Ẹni tó ń tò ó sójú fèrèsé ló mọ apá tó kọ sísàlẹ̀. Kódà, àwọn dígí tó nípọn lókè tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wà. Ṣé ìyẹn ṣàn gòkè ni? Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì pàápàá, wọ́n tú dígí Minster sílẹ̀ nítorí bọ́ǹbù, ẹ̀yìn ogun ni wọ́n tún un tò.

Ohun tó bí ọ̀rọ̀ "omi" yìí ni pé átọ́ọ̀mù inú dígí kì í tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bíi ti iyọ̀. Bó ṣe wà rúdurùdu nígbà tó yọ́, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe dúró gbọn-in. Epo pupa tó dì nígbà ọyẹ́ ṣì lè rọra wọ́ tí ẹ bá dojú ìgò rẹ̀ dé; dígí ti kọjá ìyẹn. Lọ́dún 2017, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì po dígí tó jọ ti àtijọ́ tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì Westminster Abbey ní London, wọ́n ṣírò bó ṣe lè ṣàn tó. Láàárín bílíọ̀nù ọdún kan, kò lè ju nǹkan bíi nànómítà kan lọ. Irun orí kan ṣoṣo sábà máa ń ju nànómítà 50,000 lọ.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ wálé. Ní Igbó Olókun, Ilé-Ifẹ̀, àwọn baba wa ń ṣe dígí fúnra wọn láàárín sẹ́ńtúrì 11 sí 15. Ìlẹ̀kẹ̀ dígí tó lé ní 12,000 ni àwọn awalẹ̀pìtàn wú níbẹ̀. Àwọn kan nínú wọn dàgbà ju fèrèsé Thornton lọ, síbẹ̀ ihò tí wọ́n ń ki okùn bọ̀ ṣì wà lójú kedere. Ká ní dígí ń ṣàn ni, ihò yẹn ì bá ti dí pa.

Nǹkan kan ń wọ́ lára fèrèsé wọ̀nyẹn lóòótọ́ ṣá: òjé ni. Òjé ni wọ́n fi so àwọn dígí pọ̀. Ó rọ̀, ìwúwo òun fúnra rẹ̀ sì ń fà á wálẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Fèrèsé àtijọ́ tó bá yọ ikùn síta, ẹ kọ́kọ́ wo òjé rẹ̀.

Nínú ọkọ̀ ojú irin, nígbà tí à ń padà sí Leeds, ni mo tó ṣàlàyé gbogbo èyí fún ẹ̀gbọ́n. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n mi orí.

"Òjé ń wọ́ wálẹ̀, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣé o wá rí i pé nǹkan kan ń ṣàn níbẹ̀."