Ẹ má rì fóònù yín sódò Ọ̀ṣun o

Ẹ jọ̀ọ́, fọ́ìsì nóòtù tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp ní Òṣogbo níbí, pé omi ò lè ṣe Samsung S24 Ultra ní nǹkan kan, pé èèyàn lè gbé e wọnú odò Ọ̀ṣun lọ ya fídíò kó sì fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ tó bá délé, irọ́ ni. IP68, ìyẹn àmì tó ń sọ bí fóònù ṣe lè gba omi àti eruku dúró tó, ni wọ́n ṣì gbọ́. Ohun tí Samsung fúnra wọn sọ ni pé omi tí ò níyọ̀, tó jìn tó mítà 1.5, fún ìṣẹ́jú 30, ó tán. Wọ́n tiẹ̀ ní ká má gbé e wọ òkun tàbí swimming pool, ká má wá sọ odò tó ń ṣàn tó sì ní iyanrìn. Gọ́ọ̀mù tó ń dí omi náà sì máa ń gbó, tí wọ́n bá ti tú fóònù yẹn rí, bóyá wọ́n pààrọ̀ skrín ẹ̀ l'Ọláìyá ní Òṣogbo níbí, ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ IP68. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra UK used ńkọ́, ta ló mọ ẹni tó ti tú u?

Mi ò ní fóònù náà ò dáa o. Kámẹ́rà ẹ̀ dáa gan, skrín ẹ̀ ò sì kì í dán bíi dígí nínú oòrùn ọ̀sán, ìyẹn gan-an ló wù mí jù. Ṣùgbọ́n ó wúwo, gíráàmù 232, ṣájà ò sì sí nínú páálí.

Tó bá ti bọ́ sómi, ẹ pa á, ẹ má ṣàájì ẹ̀.