Ọ̀nì inú fídíò yẹn kò pa ọmọ rẹ̀ jẹ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Fídíò tí ẹ gbé síta láti Àjàṣẹ́ ńbí ti dé ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ ní ọ̀nì ń jẹ ọmọ ara rẹ̀, pé kí ẹni tó bá rí ẹyin rẹ̀ létí ọ̀sà máa fọ́ ọ dànù. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ìyá ló ń kó ọmọ lọ sínú omi. Ẹ tún un wò dáadáa: kò rún nǹkan kan, kò sì gbé nǹkan mì. Ṣe ló rọ awọ ìsàlẹ̀ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ bí àpò, tí àwọn ọmọ ń yọjú láàárín eyín. Inú ilẹ̀ ló bo ẹyin mọ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Tí àkókò bá tó, àwọn ọmọ á máa ké láti inú ẹyin; bí ìyá bá ti gbọ́, á hú ilẹ̀. Èyí tí kò bá lè jáde, á fi ẹnu gbé e, á rọra tẹ ẹyin náà títí yóò fi sán. Ẹnu tó ń fọ́ egungun ẹran nìyẹn o!

Awọ́nrínwọ́n ni olè tó ń hú ẹyin ọ̀nì jẹ, òun àti ọ̀nì kì í sì í ṣe ọmọ ìyá bí ẹ ṣe sọ. Ẹyẹ ló bá ọ̀nì tan jù nínú gbogbo ẹ̀dá tó wà láàyè: ọkàn àwọn méjèèjì ní yàrá 4.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ìmọ̀ràn ẹyin fífọ́ yẹn kúrò. Ìyá tó ń ṣọ́ ẹyin lè ṣe ẹni tó bá lọ síbẹ̀ léṣe.