Agbọ́-Ẹjọ́-Ẹnìkan-Dájọ́

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, níbi ìkómọjáde kan, wọ́n dárúkọ ọkùnrin àdúgbò wa kan tí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá láre lẹ́yìn tó ti ṣẹ̀wọ̀n ọdún 6. Bàbá kan dáhùn pé bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ akínyẹmí ara.

Agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tó dájọ́ láì gbọ́ tẹnu ẹnìkejì ló ni ìkà náà.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀ǹpútà ni ẹni tí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Láti 1999 ni ilé ìfìwéránṣẹ́ wọn ti ń fi Horizon, ètò kọ̀ǹpútà kan, ṣírò owó ní àwọn ẹ̀ka rẹ̀. Bí Horizon bá ti ní owó ẹ̀ka kan kò pé, ẹni tó ń bójú tó ẹ̀ka náà ni olè, nítorí òfin gbà pé kọ̀ǹpútà kò ṣìṣe títí ẹnìkan yóò fi fi hàn pé ó ṣìṣe, bẹ́ẹ̀ àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn kò rí inú ẹ̀rọ náà. Jo Hamilton, ọ̀kan lára àwọn tó ń bójú tó ẹ̀ka, pe àwọn olùrànlọ́wọ́ lórí fóònù, ó ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe, gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀ sì di ìlọ́po méjì níṣojú rẹ̀. Seema Misra lóyún nígbà tí wọ́n rán an lọ sẹ́wọ̀n ní 2010, lọ́jọ́ tí ọmọ rẹ̀ pé ọdún 10 gan-an. Inú ẹ̀wọ̀n ni Noel Thomas ti pé ẹni 60 ọdún. Àwọn tí wọ́n dá lẹ́bi lé ní 900, síbẹ̀ wọ́n ń sọ fún ọ̀pọ̀ wọn pé òun nìkan ló ṣẹlẹ̀ sí.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ó bá a lóòótọ́, ó hàn pé Horizon ló ń ṣìṣe: ní 2021 ilé ẹjọ́ fagi lé ẹ̀bi àwọn mẹ́ta yìí, ní 2024 ilé aṣòfin fi òfin wẹ ọgọ́rọ̀ọ̀rún mìíràn mọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dá ogún ọdún náà padà? Àwọn kan ti kú, orúkọ olè ni wọ́n gbé wọ sàréè.

Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ ń pòwe Kúmólú, ìgbà wo lẹ gbọ́ tẹnu ọkùnrin yẹn? Adájọ́ ti dá a sílẹ̀, ẹ̀yin ṣì tún ń dá a lẹ́jọ́ níbi tí ẹ ti ń jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù. Ìyàwó rẹ̀ ń ta ata lójúde, ata ń rà mọ́ ọn lọ́wọ́, nítorí pé àwọn oníbàárà rẹ̀ ń gba òdìkejì títì kọjá. Ẹ má pòwe kankan mọ́. Ẹ kí i, ẹ ra ata lọ́wọ́ rẹ̀.