Òróró ólífì kọ́ ni yóò wo eékún ìyá àgbà

Láti ọjà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde títí dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ní Ṣágámù, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: bí eékún bá ń dun àgbàlagbà, ẹ ra ìgò òróró ólífì kékeré, ẹ fi máa ra á láàárọ̀ àti lálẹ́, kó sì máa mu ṣíbí kan sí i. Wọ́n ní làkúrègbé á fò lọ. Irọ́ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, òun náà ló jẹ́ kí irọ́ yẹn rẹ́sẹ̀ wálẹ̀.

Lọ́dún 1999, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan láti Amẹ́ríkà, Gary Beauchamp, lọ sípàdé ní Sicily, lórílẹ̀-èdè Ítálì. Wọ́n fún un ní òróró ólífì tuntun pé kó tọ́ ọ wò. Bó ṣe gbé e mì ló ta á lọ́fun, tó fẹ́ máa húkọ́. Ahọ́n ò mọ nǹkan kan. Ọ̀fun nìkan ni. Títa yẹn ò ṣàjèjì sí i, torí ó ti tọ́ ibuprofen olómi, ìyẹn oògùn ara ríro, wò rí lẹ́nu iṣẹ́, bó ṣe ń ta gan-an nìyẹn. Ní 2005, òun àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kéde pé èròjà tí wọ́n ń pè ní oleocanthal ló wà nídìí ẹ̀, ó sì ń dí ẹ́ńsáìmù kan náà tí ibuprofen ń dí lọ́wọ́, èyí tó ń mú kí ara wú kó sì máa ro.

Ẹ wá wo ìwọ̀n ẹ̀. Gíráàmù 50 òróró náà lójúmọ́, ìyẹn bíi ṣíbí ìjẹun mẹ́rin, agbára ẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ibuprofen tí àgbàlagbà ń lò fún ìrora. Kálórì inú ẹ̀ sì lé ní 400! Ìyá tí eékún ń dùn, tó tún ń fi òróró sanra, ta ni yóò ru ẹrù yẹn bí kì í ṣe eékún kan náà?

Kì í sì í ṣe gbogbo ìgò ló ní in. Èyí tí wọ́n kọ “extra virgin” sí lára, tó ṣì tuntun, ló máa ń ní in dáadáa. Èyí tí wọ́n ti sè tí wọ́n ti sẹ́, tó wá wà nínú ìgò funfun nínú oòrùn ọjà láti ọjọ́ pípẹ́, òróró lásán ni. (Mi ò bá ẹni tó ń fi gbàdúrà jà o, àárín òun àti Ọlọ́run ẹ̀ nìyẹn.)

Ti fífi ra ara ńkọ́? Ìyá àgbà á ká ìró sókè, ọmọ-ọmọ á da òróró sí àtẹ́lẹwọ́, á máa ra eékún náà títí á fi gbóná, á wá fi aṣọ wé e. Ara á tù ú lóòótọ́. Ọwọ́ ọmọ yẹn àti ooru ẹ̀ ni mo fún ní ọpẹ́; òrí tàbí àdí àgbọn náà á jẹ́ kọ́wọ́ yọ̀ bẹ́ẹ̀. Àyẹ̀wò tí wọ́n ti ṣe lórí fífi òróró ólífì ra oríkèé kéré, kò tó ohun tí ẹnikẹ́ni á tìtorí ẹ̀ pa oògùn dókítà tì.

Àwọn ará Gíríìsì àti Ítálì tí wọ́n fi ń ṣàpẹẹrẹ fún wa, oúnjẹ ni wọ́n ń fi í jẹ láti kékeré, pẹ̀lú ẹ̀fọ́, ẹja àti ẹ̀wà. Ẹni tó bá lówó ẹ̀ lè fi sí ẹ̀fọ́ tirẹ̀ náà.

Àmọ́ bí eékún bá ṣàdéédé wú, tó gbóná, tó pọ́n, tí ibà sì tẹ̀ lé e, ẹ má fi nǹkan kan ra á. Kòkòrò lè ti wọ oríkèé, ó sì lè bà á jẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.