Gbogbo Ìkòròdú ti di jọ́ọ̀jì ìdíje orin

Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí o. Sọ́ńdè tó kọjá ni mo lọ gẹrun ní Ògólóńtò, bárbà ti fá apá kan orí mi tán, ló bá gbójú sókè wo tẹlifíṣọ̀n, ọmọbìnrin kan ń kọrin níbi ìdíje, ọ̀gá pa kílípà, ó ní "rárá o, ọmọ yìí ò wà lórí key." Bárbà tó jẹ́ pé tó bá ń súfèé, ajá àdúgbò ló máa ń bá a gbè é! Wọ́n ní kí n ní sùúrù. Mo jókòó pẹ̀lú orí ààbọ̀.

Ọmọ tó bá gbọ́n ò kúkú ní kọ́kọ́ kọrin, á kọ́kọ́ ròyìn bí ìyá ẹ̀ ṣe ta ìró kó tó rówó mọ́tò wá síbi audition, wọ́n á ti máa tẹ dùùrù jẹ́jẹ́ lábẹ́ ẹ̀, ìyá alákàrà tó ń yọjú wò látẹnu ọ̀nà á ti máa fi etí aṣọ nujú, àkàrà ń jóná. Lẹ́yìn ìyẹn, tó bá wù ú kó máa hu bí ewúrẹ́, ó ti wọlé.

Àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n bá lé ọmọ tiwa, màgòmágó ni! Mo ní ta ló dìbò fún un níbí? Gbogbo ṣọ́ọ̀bù dákẹ́ lọ gbáà. Ọ̀kan ní dátà òun ti tán, èkejì rò pé àwa yòókù ti dì í, bárbà ní òun gbàdúrà fún un.

Ẹnìkan wá fa Kòríà yọ. Òótọ́ ni, ọ̀gá tó ń ṣe Produce 101, ìdíje orin orí tẹlifíṣọ̀n wọn, yí ìbò, wọ́n mú un ní 2019, kóòtù sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún 2. Ṣùgbọ́n àwọn ará Kòríà dìbò o! Ìbò tí wọ́n dì ni wọ́n yí. Tiwa ńkọ́, kí ni wọ́n fẹ́ yí, àdúrà bárbà?

Wọ́n tún gbé Jennifer Hudson dé, olórin Amẹ́ríkà tó ṣe ipò 7 ní ìdíje orin American Idol 2004 tó sì gba Oscar, àmì ẹ̀yẹ fíìmù, ní 2007. Bọ̀ọ̀dá kan ládùúgbò wa, audition àkọ́kọ́ ni wọ́n ti lé e, àtìgbà yẹn ló ní kí wọ́n máa pe òun ní Jennifer. Ọkùnrin ni o, ó nírùngbọ̀n.

Ó ku díẹ̀ kí wọ́n kéde èsì, NEPA mú iná lọ. Wọ́n ti ra NEPA! Ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń pariwo. Jẹ́ẹ̀nì ò sì lépo. Mo fi fìlà bo orí, mo dìde, bárbà gba owó odidi orí.