Fóònù kọ́ ló ń pe àrá

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àárọ̀. Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ lálẹ́ àná, pé fóònù tó bá wà ní títàn nígbà òjò ló ń fa àrá, kí gbogbo Kétu pa tiwọn bí ojú ọ̀run bá ti ṣú. Ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìgbì rédíò inú fóònù kò lè fa mànàmáná. Ohun tó ga, tó dá dúró, ni àrá sábà máa ń bà. Àná náà ni mo rí ìyá mẹ́ta lọ́nà Àkábá Ìdẹ́nà: wọ́n pa fóònù, wọ́n dì í sínú ọ̀rá, wọ́n wá sá sábẹ́ igi máńgòrò! Igi yẹn gan-an lewu.

Ibi tí fóònù ti léwu ni ìgbà tó bá wà lójú iná. Àrá tó sán sí wáyà ìgboro lè gba inú ògiri wọlé, kó gba okùn ṣájà dé ọwọ́ ẹni tó ń pè. Pípa fóònù kò dí ọ̀nà yẹn. Tèmi jóná bẹ́ẹ̀ rí, ó sì wà ní pípa o. Ihò ṣájà rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹ yọ ṣájà kí òjò tó dé.

Lẹ́yìn àrá tí ẹ gbọ́ kẹ́yìn, ẹ dúró sínú ilé fún ìṣẹ́jú 30. Fóònù tí kò sí lójú iná, ẹ máa fi pe àwọn ọmọ yín ní Kútọnu láìbẹ̀rù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ síbi tí ẹ fi tàná sí.