Ẹ Yé Fi Sìmẹ́ǹtì Sin Ilé Alámọ̀ Àjàṣẹ́ Láàyè

Ọ̀rọ̀ yìí ń bí mi nínú, n kò sì ní fi bò. Ẹ gba àárín àwọn ilé àtijọ́ Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní Benin, kọjá, àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn Àgùdà kọ́ nígbà tí wọ́n ti Bràsíìlì dé, àwọn tó ní fèrèsé onígi gíga àti ọ̀ṣọ́ lára ògiri. Èyí tí kò tíì wó nínú wọn, àtúnṣe ni yóò wó o. Ẹ sún mọ́ èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún rẹ́, kí ẹ fi ìka kan ìsàlẹ̀ ògiri. Á dún bí àgbá òfìfo. Sìmẹ́ǹtì ti ya kúrò lára amọ̀, àyè ti wà láàárín àwọn méjèèjì. Ẹ wá wo ìwọ̀n orúnkún: ọ̀dà ti wú, ó ń ṣí, iyọ̀ funfun ti yọ lójú rẹ̀. Odidi owó tí ẹbí dá jọ ló wà lára ògiri yẹn o!

Ta ló sọ fún yín pé amọ̀ àti sìmẹ́ǹtì lè jọ gbé? Ilẹ̀ pupa ni wọ́n fi mọ ilé wọ̀nyí. Ògiri alámọ̀ máa ń fa omi láti inú ilẹ̀, á sì tú u sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá fi sìmẹ́ǹtì bo ara rẹ̀, omi kò rí ọ̀nà jáde nísàlẹ̀ mọ́, òkè ló máa ń gùn. Bí amọ̀ bá rin, ó ń wú. Bó bá gbẹ, ó ń sún kì. Sìmẹ́ǹtì le gbagidi, kò lè bá a wú, kò lè bá a sún kì, ó máa là ni. Ògiri lanu, omi wọlé kí aláǹgbá tó dé. Amọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ á di ẹrẹ̀ nígbà òjò, sìmẹ́ǹtì á já lulẹ̀ lódidi, á sì fa amọ̀ dání.

Kí wá ni mọlémọlé máa ń sọ? Pé sìmẹ́ǹtì ọjọ́sí kò tó! Yóò fi ìṣó kan nẹ́ẹ̀tì wáyà mọ́ ògiri, yóò tún rẹ́ ẹ nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìṣó ń fọ́ amọ̀, ìwúwo ń fà á, ẹ sì tún san owó lẹ́ẹ̀kejì fún ìbàjẹ́ kan náà.

Àgbàlá ló burú jù. Kí ilé tó parí ni wọ́n ti ń tẹ́ pavé, ìyẹn bíríkì sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi ń bo ilẹ̀, láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ògiri, nítorí àwọn ọmọ tó wà ní Kútọnu àti ní Faransé fẹ́ rí fọ́tò tó dán. Iyanrìn sẹ̀ǹtímítà 5, pavé sẹ̀ǹtímítà 8: àgbàlá ti fi sẹ̀ǹtímítà 13 ga sí i. Ilẹ̀ inú ilé kò ga. Omi òjò tó ti ń wọlẹ̀ jẹ́jẹ́ tẹ́lẹ̀ wá ń ṣàn padà sí ìdí ògiri, ó ń jókòó síbẹ̀. Ojú àgbàlá gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 15 rẹlẹ̀ ju ilẹ̀ inú ilé lọ, kó sì máa fi sẹ̀ǹtímítà 2 lọ sílẹ̀ ní mítà kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń jìnnà sí ògiri. Ẹni tí kò lè wọn ìyẹn, kí ló ń fi okùn àti ìwọ̀n ṣe níbi iṣẹ́?

Òrùlé ni ẹ kọ́kọ́ mú. Ẹ pààrọ̀ páànù tó ti dá ihò, kí ẹ sì jẹ́ kí etí òrùlé yọ kọjá ògiri tó sẹ̀ǹtímítà 60, kí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ má baà máa ta ẹrẹ̀ sára ilé. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ha sìmẹ́ǹtì kúrò, kí ẹ ha á kọjá ibi tí omi gùn dé lára ògiri tó mítà kan sókè. Ẹ fi ògiri sílẹ̀ níhòòhò ní gbogbo ọ̀gbẹlẹ̀, láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kẹta. Mo mọ̀ pé kò dùn ún wò. Ẹ fi í sílẹ̀! Ibi tí amọ̀ ògiri ti jẹ kúrò, bíríkì amọ̀ tí wọ́n sá lóòrùn ni kí ẹ fi dí i, amọ̀ ni kí ẹ sì fi so ó. Ẹ má ki bulọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì bọ̀ ọ́.

Ohun tí ẹ ó fi rẹ́ ẹ ni chaux, ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń rí lára òkúta ẹfun tí wọ́n sun: garawa kan sí garawa iyanrìn mẹ́ta. Ẹ ti rẹ chaux sómi láti àná, ẹ fi nǹkan bo ojú àti ọwọ́ nítorí pé ó ń jó ara. Iyanrìn etí òkun kò dára, iyọ̀ inú rẹ̀ yóò tún yọ lójú ògiri. Ẹ wọ́n omi sí ògiri kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ rẹ́ ẹ ní ìpele méjì, sẹ̀ǹtímítà kan kan, kí èyí àkọ́kọ́ le dáadáa kí èkejì tó gùn ún. Ẹ fi àpò tútù ṣíji bò ó fún ọjọ́ mélòó kan. Mọlémọlé á ní iṣẹ́ yìí ń falẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń falẹ̀!

Ọgbà ló gbẹ̀yìn. Àwọn kan á ti ra òdòdó ixora olówó ńlá sílẹ̀, wọ́n á gbìn ín sí ìdí ògiri, bẹ́ẹ̀ mọlémọlé ti da àfọ́kù sìmẹ́ǹtì sí ilẹ̀ ibẹ̀, ó ti fi erùpẹ̀ bò ó. Ewé rẹ̀ á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, wọ́n á ní àìsàn ni. Sìmẹ́ǹtì inú ilẹ̀ ni kò jẹ́ kí gbòǹgbò rí èròjà irin tí ewé nílò fà. Ẹ kó àfọ́kù náà kúrò, ẹ da ilẹ̀ tuntun àti ìgbẹ́ ẹran tó ti jẹrà síbẹ̀. Mítà kan tó kan ògiri, ẹ má gbin ohunkóhun sí i, òkúta wẹ́wẹ́ ni kí ẹ tẹ́ síbẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wà ní ìdí ògiri alámọ̀, omi ló ń kó jọ. Máńgòrò, ẹ fún un ní mítà 8 ó kéré tán. Bí ẹ bá fẹ́ ọgbà tó ń yára hù, pẹrẹgún wà níbẹ̀, igi rẹ̀ tí ẹ gé lásán ń hù.

Kí mọlémọlé yòówù tó bá wá béèrè àsansílẹ̀ kọ́kọ́ fi ọwọ́ tọ́ka ibi tí omi yóò gbà jáde kúrò nínú ògiri àti ibi tí yóò gbà kúrò ní àgbàlá. Bí kò bá lè tọ́ka sí i, ẹ má fún un ní fránkì kan.